Ilé Àgùdà ẹbí wa ní Èkó: ta ló lè bá wa gbà á sílẹ̀ kí wọ́n tó wó o?

Ọmọ Pópó Àgùdà béèrè:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ ilé ẹbí wa ló gbé mi débí, ó sì ti ń lé oorun kúrò lójú mi.

Ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì kan ni, ní Pópó Àgùdà, kò jìnnà sí Campos Square. Bàbá tó bí bàbá-bàbá mi ló kọ́ ọ. Àwọn òbí tiẹ̀ wà lára àwọn tó kúrò ní Bàhíà ní Brazil padà wá sí Èkó, àwọn tí à ń pè ní Àgùdà. Ògiri ilé náà nípọn débi pé àwa ọmọdé méjì lè jókòó sínú ojú fèrèsé kan ṣoṣo kí àyè ṣì kù. Lókè ilẹ̀kùn àbáwọlé, wọ́n fi ọwọ́ mọ òdòdó àti ewé àjàrà sára ògiri. Gíláàsì pupa àti búlúù wà lókè àwọn fèrèsé pálọ̀, tí oòrùn bá sì yọ láàárọ̀, gbogbo ilẹ̀ pálọ̀ á di aláwọ̀ méjì. Ẹ̀yìnkùlé ibẹ̀ ni Ìyá Àgbà ti máa ń se frejon, ẹ̀wà tí wọ́n fi omi àgbọn sè, lọ́jọ́ Jímọ̀ Mímọ́, tí àwọn aládùúgbò, àti Mùsùlùmí àti onígbàgbọ́, á máa gbé abọ́ wá.

Báyìí, ayálégbé ló wà nísàlẹ̀. Òkè ń jò lápá òsì, òdòdó tí mo sọ yẹn ti ń já lulẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹnìkan ti wá fi ọ̀dà pupa sàmì sára ògiri iwájú. Dẹfẹ́lọ́pà kan wá bá ẹbí pé òun á wó o, òun á kọ́ alájà mẹ́fà síbẹ̀, òun á fún wa ní àjà méjì. Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ti fẹ́ fọwọ́ sí i. N kò lè sọ pé èèyàn burúkú ni wọ́n. Àwọn nìkan ló ń sanwó páànù láti ọdún pípẹ́, nígbà tí àwa yòókù ń fẹnu lásán sọ pé a fẹ́ràn ilé.

Mo gbọ́ pé àwọn ẹgbẹ́ kan wà tí kì í ṣe torí èrè, tó jẹ́ pé ilé àtijọ́ ni wọ́n ń dáàbò bò. Ṣé wọ́n lè ràn wá lọ́wọ́? Ṣé àwa fúnra wa lè dá ọ̀kan sílẹ̀ ní àdúgbò, nítorí ilé wa nìkan kọ́ ló ń bẹ nínú ewu? Bí ìjọba bá sì kọ orúkọ ilé náà sílẹ̀ pé ó jẹ́ ohun àjogúnbá, ṣé ọkàn wa ti lè balẹ̀ nìyẹn?

---

Arìnrìnàjò Ẹ̀búté Mẹ́tta dáhùn:

Àǹtí, ẹ kú ọ̀rọ̀ ilé. Ẹgbẹ́ wà. Ẹ wá Legacy 1995 rí. Àwọn ni wọ́n jẹ́ kí a rí Jaekel House lónìí, ilé tí wọ́n kọ́ ní 1898 nínú ọgbà Rélùwéè ní Ẹ̀búté Mẹ́tta. Ilé náà ti fẹ́ bàjẹ́ tán kí wọ́n tó tún un ṣe. Ayàwòrán-ilé John Godwin ló darí iṣẹ́ náà. Báyìí ó ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré, ibẹ̀ ni wọ́n kó àwòrán àti ohun èlò rélùwéè àtijọ́ sí. Bí ẹ kò bá tíì débẹ̀ rí, ẹ mú ẹ̀gbọ́n yín dání kí ẹ lọ. Ẹ̀yin méjèèjì ẹ gun òkè ilé onípákó yẹn, kí wọ́n fojú ara wọn rí ohun tí àtúnṣe lè sọ ilé dà.

Ní ti ìjọba, àjọ tó ń rí sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun ìrántí orílẹ̀-èdè yìí, èyí tí òfin 1979 dá sílẹ̀, lè kéde ilé bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ìpínlẹ̀ Èkó náà ní òfin tiẹ̀ láti 2011 lórí àwọn ibi tó yẹ ká pa mọ́. Èmi rò pé kí ẹ sáré lọ kọ orúkọ ilé náà sílẹ̀ kíákíá. Tó bá ti wà nínú ìwé, kò sí dẹfẹ́lọ́pà tó máa fọwọ́ kàn án.

---

Gbẹ́nàgbẹ́nà Ọ̀fin dáhùn:

Àbúrò mi, mo kí ọ, mo sì kí ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń ra páànù. Iṣẹ́ igi ni mo ń ṣe, lọ́wọ́ bàbá mi ni mo ti kọ́ ọ, fèrèsé àti àtẹ̀gùn ilé àtijọ́ ni mo sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé mi tún ṣe. Jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí.

Mo bọ̀wọ̀ fún ẹni tó ṣáájú mi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n n kò ní fẹ́ kí o gbẹ́kẹ̀ lé ìwé ìjọba nìkan. Gbogbo wa la mọ Ìlọ́jọ Bar ní Tinúbu Square. Ìdílé Fernandez ló kọ́ ọ ní nǹkan bí 1855. Ní 1933 ìdílé Ọláìyá rà á. Ní 1956 wọ́n kéde rẹ̀ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, ìyẹn ṣáájú òmìnira. Kò sí ilé Àgùdà tó ní ìwé jù ú lọ. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án 2016, katapílà wọlé síbẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, òkìtì ló kù. Mo lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Mo rí igi ìrókò tó gbé àjà rẹ̀ dúró láti ayé Ọba Dòsùnmú, ó ṣẹ́ sí méjì, inú rẹ̀ ṣì pọ́n bíi ti ìgbà tí wọ́n là á. Mo sunkún níbẹ̀, ojú kò sì tì mí láti sọ ọ́.

Wàyí o, wo Mọ́sáláṣí Shitta-Bey ní Martins Street. Mohammed Shitta Bey ló fi owó ara rẹ̀ kọ́ ọ, João Baptista da Costa, Àgùdà gidi, ló sì darí iṣẹ́ náà. Ọjọ́ 4 oṣù keje 1894 ni wọ́n ṣí i. Amọ̀, ẹfun àti igi kan náà ni, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kan náà ni. Ọdún 2013 ni ìjọba tó kéde rẹ̀ bí ohun ìrántí. Ìyẹn ni pé fún èyí tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ kò ní ìwé kankan, síbẹ̀ ó dúró. Kí ló mú un dúró? Àwọn èèyàn ń wọ ibẹ̀ nígbà márùn-ún lójúmọ́. Bí òrùlé bá jò lórí ẹni tó ń kírun, ọ̀la ni ẹnìkan á gun òkè lọ wò ó. Kò sí ẹni tó ń dúró de lẹ́tà láti Àbújá.

N kò sọ pé lílo ilé nìkan tó o. Mọ́sáláṣí Àárín Gbùngbùn Èkó ti àtijọ́, da Costa yìí kan náà àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ Sanusi Aka ló kọ́ ọ láàrin 1908 sí 1913. Ó kún fún èèyàn ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Kíkún yẹn gan-an ló pa á: wọ́n wó o ní 1983 láti kọ́ èyí tó tóbi jù ú lọ. Nítorí náà, ilé ń fẹ́ èèyàn nínú, ó sì ń fẹ́ àwọn tó mọ ohun tí wọ́n ní lọ́wọ́, tí wọ́n lè sọ níbi ìpàdé pé “ẹ jẹ́ ká wá ibòmíì fún èyí tó tóbi.” Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ tí ò ń sọ ti wúlò. Ẹgbẹ́ kò lè dúró dípò ẹbí. Ohun tó lè ṣe ni kó mú kí ẹbí rí ọ̀nà tí wọ́n á fi di ilé mú láì sọ ẹnì kan ṣoṣo di ẹrú rẹ̀.

Jẹ́ kí n wá bọ́ sórí ilé fúnra rẹ̀, torí pé kí ẹgbẹ́ kankan tó jókòó, òjò ti ń bọ̀.

Omi ni ọ̀tá ilé amọ̀. Ẹni tó bá sọ fún ọ pé ọjọ́ orí ló ń pa á, má dá a lóhùn. Ilé amọ̀ tí orí rẹ̀ gbẹ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gbẹ á sin ọmọ àti ọmọ-ọmọ. Apá òsì tó ń jò yẹn, ẹ wá tapólì tó nípọn bò ó lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ má dúró de owó páànù tuntun. Lẹ́yìn náà ẹ yẹ gọ́tà iwájú ilé wò. Ọ̀pọ̀ gọ́tà l'Ékòó ló dí, tí omi rẹ̀ sì ń padà sí ìdí ògiri, ilẹ̀ Erékùṣù náà kò ga sí omi tẹ́lẹ̀. Bí igi òdán bá ti hù sínú gọ́tà tàbí sára ògiri, ẹ má fà á tu, gbòǹgbò rẹ̀ á fa ògiri dání. Ẹ gé e, ẹ jẹ́ kó kú síbẹ̀.

Èyí tó ń dùn mí jù lọ ni sìmẹ́ńtì. Àwọn bíríkìlà wa á rí ibi tí ògiri ti bó, wọ́n á pò sìmẹ́ńtì líle, wọ́n á fi rẹ́ ẹ, á sì dán fún ọdún díẹ̀. Ògiri amọ̀ máa ń fa omi díẹ̀ láti ilẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà tú u jáde sí afẹ́fẹ́. Láìmù, ẹfun tí wọ́n sun láti inú òkúta, ni àwọn Àgùdà fi rẹ́ ẹ, ẹfun yẹn sì ń jẹ́ kó mí. Sìmẹ́ńtì dí i pa. Omi á kójọ sẹ́yìn rẹ̀, amọ̀ inú á rọ̀, lọ́jọ́ kan odindi awẹ́ ògiri á ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á wá ní ilé ti gbó. Kì í ṣe ilé ló gbó, àtúnṣe ló pa á. Nítorí náà, bí ẹ bá rí owó kékeré, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi sìmẹ́ńtì kan ògiri yẹn. Amọ̀ ni kí ẹ fi dí ihò inú ògiri amọ̀, kí ẹ wá fi láìmù rẹ́ ẹ.

Ní ti igi, ìrókò àti apá kì í sábà bàjẹ́ tán. Mú ọ̀bẹ, kí o fi ẹnu rẹ̀ gún ìsàlẹ̀ fèrèsé kọ̀ọ̀kan, níbi tí òjò máa ń dúró sí. Bí ó bá wọlé wọ̀ọ̀, ibi tó rà nìyẹn, ó sì lè má ju ìwọ̀n ọwọ́ kan lọ. Èmi máa ń gé ibi tó rà kúrò, màá so igi tuntun irú kan náà mọ́ ọn, kò ní sí ẹni tó máa mọ̀. Àwọn èèyàn ń tú odindi fèrèsé ìrókò dànù láti fi àlùmíníọ̀mù sí i. Fèrèsé tí wọ́n jù sílẹ̀ yẹn, bí wọ́n bá gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ tún ṣe, á tún lo ìran méjì sí i. Ẹ yẹ ikán wò pẹ̀lú, pàápàá níbi tí orí igi àjà ti wọ inú ògiri. Ibẹ̀ ni wọ́n ń fara pa mọ́ sí, ibẹ̀ náà ni ewu gidi wà, torí òun ló gbé àjà òkè dúró. Bí ìyẹn bá ti rà, ẹ kó ayálégbé tó wà lábẹ́ rẹ̀ kúrò, ẹ fi òpó tì í, kí ẹ tó ronú ohunkóhun mìíràn. Ẹ̀mí èèyàn ṣáájú òdòdó ara ògiri.

Nípa ọ̀dà pupa yẹn: ẹ má pa á rẹ́, ẹ má sì ṣe bí ẹni pé ẹ ò rí i. Ẹ wá ẹnjiníà tó ní ìwé COREN, àjọ tó ń forúkọ àwọn ẹnjiníà sílẹ̀, tó sì ti ṣiṣẹ́ lórí ilé amọ̀ rí. Ìkejì yẹn ṣe pàtàkì. Ẹni tó jẹ́ pé kọnkéré nìkan ló mọ̀ á wo ògiri amọ̀, á ní kò ní irin nínú, á kọ “ẹ wó o.” Ẹ jẹ́ kó kọ àbọ̀ ìwádìí sílẹ̀: ohun tó lè dúró, ohun tó gbọ́dọ̀ rí àtìlẹ́yìn, àti èyí tó léwu. Ìwé yẹn ni ẹ máa gbé lọ bá ìjọba. Ẹkún kò ní dá wọn dúró, àbọ̀ ẹnjiníà lè dá wọn dúró.

Kí ẹ sì ya gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ wọn yàrá kọ̀ọ̀kan, ẹ ya àwòrán ilẹ̀kùn, ọwọ́ àtẹ̀gùn, gíláàsì, òdòdó. Èyí tó bá já lulẹ̀ nínú òdòdó yẹn, ẹ má gbá a dànù. Ẹ kó o sínú àpótí, ẹ kọ ibi tó ti já sára rẹ̀. Láti ara àfọ́kù kan, oníṣẹ́ ọwọ́ lè mú odindi rẹ̀ padà.

---

Agbẹjọ́rò Ìgbóṣẹrẹ dáhùn:

Ẹ kú àfẹnukò o. Màá sọ ti òfin ní ṣókí.

Àǹtí, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: ilé ẹbí ni àbí ilé ẹnìkan? Ọ̀pọ̀ Àgùdà ló kọ ìwé ìhágún, nítorí náà ẹ lọ wá a ní ibi ìforúkọsílẹ̀ ìhágún ní ilé ẹjọ́ gíga. Lẹ́yìn tí wọ́n gba Èkó lọ́wọ́ Dòsùnmú ní 1861, ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn onílẹ̀ ní ìwé Crown Grant, ìyẹn ìwé ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀. Ẹ wo ibi ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀ bóyá orúkọ bàbá àgbà yín wà níbẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ ilé ẹbí lábẹ́ àṣà, kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó lè tà á tàbí fún dẹfẹ́lọ́pà. Bí Dáwódù, olórí ẹbí, bá tà á láìsí àṣẹ àwọn olórí ìdí igi kọ̀ọ̀kan, wọ́n lè lọ sí kóòtù kí kóòtù fagi lé e, bí wọ́n bá tètè dìde. Bí àwọn yòókù bá tà á láìsí àṣẹ Dáwódù, títà yẹn kò tilẹ̀ sí rárá. Ẹ kíyè sí “tètè” tí mo sọ. Bí ẹ bá dákẹ́ títí dẹfẹ́lọ́pà fi da kọnkéré, ọwọ́ kóòtù lè má gbé mọ́. Ẹ jẹ́ kí agbẹjọ́rò kọ lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n yín àti sí dẹfẹ́lọ́pà náà báyìí, pé ẹ̀ka tiyín kò tíì fọwọ́ sí nǹkan kan. Ẹ sì má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé obìnrin ò ní ohùn. Láti ẹjọ́ Lopez sí Lopez ní 1924 ni ilé ẹjọ́ l'Ékòó ti gbà pé ọmọbìnrin ní ẹ̀tọ́ nínú ilé ẹbí bí ọmọkùnrin.

Ẹgbẹ́ dídá sílẹ̀ kò le. CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, ni ẹ máa lọ, lábẹ́ Apá F nínú CAMA 2020, òfin tó de ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́, ẹ ó forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ tó ní àwọn olùtọ́jú. Ẹ ó kọ òfin ẹgbẹ́, ẹ ó sì kéde nínú ìwé ìròyìn kí ẹni tó bá ní àtakò lè sọ̀rọ̀ láàrin ọjọ́ 28. Ẹ ó tún forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ SCUML, ẹ̀ka ìjọba tó ń ṣọ́ kí wọ́n má fi ẹgbẹ́ fọ owó ìdọ̀tí, kí báńkì tó ṣí àkáǹtì fún yín. Ẹ má ṣe pín èrè láàrin ara yín, ìyẹn lòdì sí òfin.

Ìmọ̀ràn mi: kí ẹbí má gbé ilé fún ẹgbẹ́ pátápátá. Kí wọ́n fi í háyà fún ẹgbẹ́ náà fún ọdún tó gùn díẹ̀. Ẹgbẹ́ á tún un ṣe, á máa gba owó láti ibẹ̀, á sì máa fún ẹbí ní ìpín tí wọ́n bá fohùn ṣọ̀kan lé. Ilé ṣì jẹ́ ti ẹbí. Bí ẹgbẹ́ kò bá ṣe ohun tó sọ, kí ìwé àdéhùn sọ ọjọ́ tí ilé á padà.

---

Ẹni Tí Tiwọn Ti Lọ dáhùn:

Èmi ò mọ òfin, n kò sì mọ iṣẹ́ igi. Tiwa ti lọ. Alájà márùn-ún ló wà níbẹ̀ báyìí, a sì gba fúláàtì tiwa. Ẹ̀gbọ́n wa tó fọwọ́ sí i kì í ṣe òpònú, gbèsè ilé ìwòsàn ló wà lọ́rùn wọn, àwa kò sì bá wọn dá a.

Àǹtí, kí ẹ tó sọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ níwájú ẹ̀gbọ́n yín, ẹ kọ́kọ́ dá owó páànù tí wọ́n ti ná padà fún wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ díẹ̀ ló wà lọ́wọ́ yín. Kí àwọn ọmọ ẹbí yòókù dá sí i. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn, kì í ṣe níwájú èrò, ohun tí àjà méjì yẹn máa yanjú fún wọn. Bí ó bá jẹ́ owó ilé ìwé ọmọ, ẹ lè rí i dá. Bí ó bá jẹ́ pé ó ti sú wọn ni, ẹ gba ìtọ́jú ilé lọ́wọ́ wọn. Lọ́dọ̀ tiwa, kò sẹ́ni tó béèrè.

---

Ọmọ Pópó Àgùdà dáhùn:

Ẹ ṣeun gidigidi, gbogbo yín. Bàbá Gbẹ́nàgbẹ́nà, Ọlọ́run á jẹ́ kí ọwọ́ yín máa lókun sí i. Àwọn àbúrò mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó. Ti ẹ̀gbọ́n mi la máa kọ́kọ́ san, lẹ́yìn náà tapólì. Ẹ̀yin tí tiyín ti lọ, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára ju ti gbogbo èèyàn lọ. N kò tíì béèrè ohun tó ń dùn wọ́n lọ́wọ́ wọn rí.

Ìbéèrè méjì kù. Bàbá, ẹ ní ilé ń fẹ́ èèyàn nínú. Ayálégbé wà níbẹ̀ báyìí, síbẹ̀ ó ń bàjẹ́. Irú èèyàn wo ni ẹ ní lọ́kàn? Ìkejì, àwọn ọmọ wa ń béèrè pé kí ló dé tí a ò kọ́ èyí tó jọ ọ́ tuntun, tó lágbára, tó ní ẹ̀rọ ìgòkè. N kò rí èsì gidi fún wọn.

---

Gbẹ́nàgbẹ́nà Ọ̀fin dáhùn:

Àbúrò mi, ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni.

Ayálégbé tó ń gbé yàrá kan ní ilé tí wọ́n ti fi pákó pín sí wẹ́wẹ́ kò lè tún òrùlé ṣe, kò sì ní ẹ̀tọ́ láti ṣe é. Kò mọ bóyá wọ́n á lé òun jáde lọ́la. Ẹni tí mo ń sọ ni ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ so mọ́ ilé náà, tó jẹ́ pé bí ilé bá bàjẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ bàjẹ́. Wo ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ ní Broad Street. Ìgbà tó jẹ́ ààtàn, kò sẹ́ni tó ń wò ó. Ayàwòrán-ilé Theo Lawson yà á, wọ́n ṣí i ní 2010 bíi Freedom Park, àwọn akọrin, òṣèré orí ìtàgé àti olóúnjẹ gba ibẹ̀. Ní alẹ́ tí eré bá wà níbẹ̀, ẹ ó rí ọ̀dọ́ tí kò mọ̀ pé ẹ̀wọ̀n ni ibẹ̀ rí, tó ń ka ohun tí wọ́n kọ sára ògiri.

Ilé tiyín kò nílò tó bẹ́ẹ̀. Ìsàlẹ̀ lè jẹ́ ọ́fíìsì ayàwòrán-ilé tàbí ilé iṣẹ́ aránṣọ, ẹni tó lè san owó ilé tó jọjú, tó sì fẹ́ràn ògiri nípọn nítorí inú rẹ̀ tutù. Pálọ̀ òkè, níbi tí gíláàsì wà, kí ẹ pa á mọ́ fún ẹbí àti fún ìtàn Pópó Àgùdà: àwòrán àwọn bàbá yín, aṣọ ayẹyẹ Fàǹtí, ìwé ìbatisí. Kí ẹ ṣí i fún àlejò ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀. Àwọn ará Brazil ń wá sí Èkó, wọ́n ń wá orírun wọn. Mo ti rí àwọn tó dúró níwájú Ilé Omi tí João Esan da Rocha kọ́ ní Kakawa, tí ọ̀rọ̀ kò lè jáde lẹ́nu wọn. Lọ́hùn-ún ní Bàhíà, àárín ìlú Salvador tí irú ilé yìí pọ̀ sí jù ti wà nínú àkọsílẹ̀ ohun àjogúnbá àgbáyé ti UNESCO láti 1985. Àwọn ilé yẹn ni ẹ̀gbọ́n lọ́hùn-ún, àwọn ti Èkó ni àbúrò tó sọdá òkun padà.

Ẹ ò sì ní láti dá ẹgbẹ́ ńlá sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ wá ilé mẹ́ta sí mẹ́rin irú tiyín ní àdúgbò, ẹ kan ilẹ̀kùn wọn. Kí ẹ jọ ra láìmù pọ̀, kí ẹ jọ gba ẹnjiníà kan, kí ẹ jọ gbé àwọn ọ̀dọ́ fún oníṣẹ́ igi àti bíríkìlà láti kọ́. Èyí ló ń bà mí lẹ́rù jù: àwa tó mọ bí wọ́n ṣe ń pò láìmù, tó sì lè gbẹ́ ọwọ́ àtẹ̀gùn Àgùdà, kò pọ̀ mọ́. Ẹgbẹ́ tó bá kọ́ ọ̀dọ́ mẹ́wàá ní iṣẹ́ yìí ti ṣe ju ẹgbẹ́ tó gbé ọgọ́rùn-ún àkọlé sára ògiri lọ.

Ní ti àwọn ọmọ yín: ẹ mú wọn wá sínú ilé náà ní ọ̀sán gangan, kí ẹ pa fáànù. Kí wọ́n ṣí fèrèsé iwájú àti ti ẹ̀yìn, kí wọ́n dúró sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó gba àárín. Kí wọ́n fi ọwọ́ kan ògiri. Lẹ́yìn náà kí wọ́n lọ dúró sí òkè alájà márùn-ún tó wà ládùúgbò láìsí iná. Èyí tó jọ ọ́ tuntun á ní àwọ̀ rẹ̀ o, kò ní ní ọwọ́ ẹni tó mọ ọ́n, kò sì ní ní igi tí wọ́n ò rí là mọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ ẹ̀rọ ìgòkè fún màmá àgbà, ayàwòrán-ilé tó mọṣẹ́ lè gbé e sí ẹ̀yìnkùlé láì fọwọ́ kan iwájú.

Bí ìpàdé ẹbí bá ti yọrí sí rere, kọ̀wé síbí. Màá mú ọmọ iṣẹ́ mi méjì wá yẹ àwọn igi àjà wò pẹ̀lú ẹnjiníà yín, n kò ní gba owó fún ìyẹn. Kí ẹ ti kó ẹrù ayálégbé kúrò lábẹ́ apá òsì ṣáájú ọjọ́ náà, kí ẹ sì ní kí wọ́n gbé àkàbà gígùn wá, torí ti èmi kò ga tó pẹ́tẹ́ẹ̀sì Àgùdà.